Àkùkọ, Ehoro àti Orí: Ṣé Ẹranko Ọdún Ló Ń Fún Ènìyàn Níwà?

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà ẹ̀yin ìyá mi. Kí ọ̀rọ̀ òní má ṣì mí lẹ́nu.

Ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ó ní wọ́n bí òun ní ọdún 1993, wọ́n bí àfẹ́sọ́nà òun ní 1999. Ìdáná ti sún mọ́lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá fi ìṣirò àwọn ará Ṣáínà hàn án lórí fóònù, ó ní Àkùkọ ni ọkọ, Ehoro ni ìyàwó, àwọn méjèèjì ò lè gbé pọ̀, ìjà ni wọn ó máa jà títí ilé á fi tú. Ó tún ka ìwà Àkùkọ sí i létí: agbéraga, ẹlẹ́nu, ẹni tó máa ń wá àléébù ọmọnìkejì, ẹni tí kì í gba ìbáwí. Ọkùnrin náà ní ohun tó bà òun lẹ́rù jù ni pé òun rí ara òun nínú ẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Bàbá Awo, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n dá ọ̀rọ̀ náà dúró ni? Kí ni Ifá wí?"

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọmọ ọlọ́mọ wà ńbẹ̀, ẹbí méjì wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì kí n tó fi ojoojúmọ́ jókòó ti ọpọ́n, àṣà tí ibẹ̀ sì kọ́ mi ni pé kí n mọ ibi tí nǹkan ti wá kí n tó sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹranko méjìlá ni àwọn ará Ṣáínà ń kà, ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Eku, Màlúù, Ẹkùn, Ehoro, Dírágónì, Ejò, Ẹṣin, Ewúrẹ́, Ọ̀bọ, Àkùkọ, Ajá, Ẹlẹ́dẹ̀. Tó bá pé méjìlá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Eku. Ọdún Àkùkọ ni 1969, 1981, 1993, 2005 àti 2017.

Ètò náà ti pẹ́ láyé. Ní 1975, wọ́n hú àwọn ìwé tí wọ́n kọ sára pẹlẹbẹ ọparun jáde nínú sàréè kan ní Shuihudi, ní ìpínlẹ̀ Hubei. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Orúkọ àwọn ẹranko wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe? Olè ni wọ́n ń fi í wá! Bí nǹkan bá sọnù, ẹranko tó ni ọjọ́ yẹn ni wọ́n á fi sọ bí ojú olè náà ṣe rí. Àwọn ẹranko ọ̀hún ò sì bá tòní mu tán: àgbọ̀nrín ló wà níbi tí Ẹṣin wà lónìí. Ẹ rí i pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn wà nínú ẹ̀, ó sì ń yí padà bí ayé ṣe ń yí.

Èmi ò bá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìṣẹ̀ṣe àwọn baba tiwọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ̀pẹ̀lẹ̀ tirẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ gbá ti ẹlòmíràn dànù. Kódà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọ̀rẹ́ yẹn kà. Àwọn àgbà Ṣáínà àtijọ́ ní ìwà rere márùn-ún ló wà lára àkùkọ. Ogbe orí rẹ̀ dà bí fìlà ọ̀mọ̀wé, ìyẹn ẹ̀kọ́. Èékánná gígùn tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ohun ìjà, ìyẹn iṣẹ́ ogun. Tó bá rí ọ̀tá, kì í sá, ìyẹn ìgboyà. Tó bá rí oúnjẹ, á pe àwọn yòókù wá jẹ, ìyẹn ojú àánú. Kì í sì í jẹ́ kí àsìkò kíkọ kọjá, ìyẹn òtítọ́.

Ta ló gbé abúlé tí kò mọ ìyẹn? Níbí ní Ìjàgbà, kí aago fóònù ẹnikẹ́ni tó dún ni àkùkọ ti kọ. Àwa náà mọ iyì adìyẹ. Adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ ká ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìgbéraga àti ariwo nìkan ni ọ̀rẹ́ yẹn rí kà?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìjà Àkùkọ àti Ehoro. Ẹ to àwọn méjìlá yẹn yípo bí aago. Èyí tó bá dojú kọ yín ni wọ́n ní ó ń bá yín jà. Eku dojú kọ Ẹṣin, Màlúù dojú kọ Ewúrẹ́, Ehoro dojú kọ Àkùkọ. Ọdún mẹ́fà ló wà láàrin wọn nígbà gbogbo. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gbogbo ọkùnrin tí ọdún tirẹ̀ bá fi mẹ́fà ṣáájú ti ìyàwó rẹ̀, ilé wọn gbọ́dọ̀ tú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ka iye ọdún tó wà láàrin bàbá àti ìyá yín, ẹ ka ti ẹ̀gbọ́n yín àti ti ará àdúgbò. Ẹ óò rí ọlọ́dún mẹ́fà tó fi ìfẹ́ gbó, tó fi ìfẹ́ tọ́. Ẹ óò sì rí ọlọ́dún méjì, ọlọ́dún mẹ́rin, tí wọn ò kí ara wọn mọ́.

Ará Ṣáínà kan pàápàá ti bi wọ́n ní ìbéèrè yìí ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Wang Chong lorúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà ní ipá irin wà lára Àkùkọ, ipá igi wà lára Ehoro, irin sì ń borí igi. Wang Chong wá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àkùkọ kì í lé ehoro kó máa ṣá a jẹ? Títí dòní, ẹ kó àkùkọ àti ehoro sínú ọgbà kan, kí ẹ wò ó bóyá ogun á bẹ́.

Ohun kan tún wà. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pé oṣù wo ni wọ́n bí i. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, 1993. Ẹ gbọ́ o! Ọdún àwọn ará Ṣáínà kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní tiwa. Òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á, láàrin ìparí oṣù kìn-ín-ní sí nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kejì ló máa ń bọ́ sí. Ní 1993, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kìn-ín-ní ni ọdún Àkùkọ wọlé. Nígbà tí wọ́n bí i, ọdún Ọ̀bọ ni wọ́n ṣì wà. Kì í ṣe Àkùkọ rárá! Àti pé nínú ìṣirò tiwọn, Ọ̀bọ kọ́ ló dojú kọ Ehoro.

Ǹjẹ́ kí n wá sọ fún un pé, "Máa lọ, Ọ̀bọ ni ọ́, ọ̀ràn ti tán"? Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ kó rí ni pé ìdáná ìbá ti dàrú, omidan kan ìbá ti sunkún lọ sílé, nítorí kàlẹ́ńdà tí wọ́n ṣì kà. Kò sì yéé ka ìwà Àkùkọ, ó ń rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìgbéraga, ariwo, àìgba ìbáwí, ta ni kò ní díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀? Ká ní wọ́n ka ti Ẹlẹ́dẹ̀ sí i létí, á tún rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí míì, kò jìnnà. Gómìnà méjì ló ti ti Ọ̀wọ̀ jáde sí ìpínlẹ̀ Oǹdó: Olóyè Adékúnlé Ajásin, tí wọ́n bí ní oṣù kọkànlá 1908, àti Rótìmí Akérédolú, tí wọ́n bí ní oṣù keje 1956. Ọdún Ọ̀bọ ni méjèèjì. Wọ́n ní ọmọ ọdún Ọ̀bọ máa ń gbọ́n, ó máa ń ṣeré, ó máa ń dọ́gbọ́n rẹ́ni jẹ. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ó ṣe ọ̀gá Imade College fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbáwí àti ìwé ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Èkejì jẹ́ agbẹjọ́rò tí kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú, tó wà lára àwọn gómìnà tó dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020. Ẹnì kan lè ní, "Àwọn méjèèjì ṣáà ṣe gómìnà!" Mo gbà. Mélòó ni wọ́n wá bí l'Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1908? Gbogbo wọn ha ṣe gómìnà bí? Ẹ wo Táyé àti Kẹ́yìndé pẹ̀lú: ọjọ́ kan náà, ikùn kan náà, ìwà wọn kì í sábà rí bákan náà.

Kí ni Ifá wá wí? Ẹni tó bá mọ ẹsẹ Ifá mọ̀ pé ẹranko pọ̀ níbẹ̀: adìyẹ, ìgbín, ìjàpá, erin, ẹkùn. Ṣùgbọ́n báwo ni Ifá ṣe ń mú wọn wọlé? Wọ́n á lọ bá àwọn babaláwo. Wọ́n á ní kí wọ́n rúbọ. Èyí tó gbọ́, ó rú u, ó rí ire. Èyí tó pe awo lékèé, ó pe Èṣù lólè, ẹ mọ bó ṣe máa ń parí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nínú Ifá, ẹranko pàápàá kì í ṣe ẹrú ìwà ara rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹbọ, wọ́n sì fún un ní etí láti fi gbọ́. Bí ẹranko bá ní yíyàn lójú Ọ̀rúnmìlà, ṣé ìwọ ọmọ ènìyàn ni kò ní ní in?

Ògúndá Méjì sọ fún wa nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja kánjú, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò rọ̀ lé wọn lójú ọ̀nà, àwọn orí náà sì ń wó. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ní tirẹ̀ rúbọ, ó ní sùúrù. Ó fún arúgbó onibodè níyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, ó bá a tó sá pa mọ́ sókè àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a mú orí tó dára. Ṣé ẹ rí i pé kò tíì délé ayé tí ìwà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣiṣẹ́? Orí ni ìpín, ìwà ni ẹsẹ̀ tí ìpín fi ń rìn.

Nítorí náà ni a fi ń ṣe ìkọsẹ̀wáyé fún ọmọ tuntun. A kì í wo ọdún tí wọ́n bí i. A ń bi Ifá léèrè odù tirẹ̀, èèwọ̀ tirẹ̀, àti ohun tí òbí máa ṣe. Kódà tí Ifá bá fọ ibi, kì í parí síbẹ̀, yóò sọ ẹbọ. Mo sì ń bá àwa Awo wí níbí: babaláwo tó bá dẹ́rù ba àwọn tó fẹ́ra, tí kò bèèrè ẹbọ, tí kò bèèrè ìwà, kò yàtọ̀ sí fóònù yẹn. Àwọn ará Ṣáínà gan-an kì í fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n máa ń wọ aṣọ pupa nígbà tí ọdún ẹranko tiwọn bá yí dé, kí ibi lè kọjá lára wọn.

Kí ló ń tú ilé? Ọ̀wọ̀ ló máa dá wa lóhùn. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé Ọ̀rọnsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ju ìdì igi sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì ń pa á mọ́. Àwọn orogún ló jowú, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà tí ọba ò sí nílé. Ó bínú lọ. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe Ìgògò ní ìrántí rẹ̀, tí ìlù ń sinmi, tí agogo nìkan ń dún. Kò sí ẹni tó ní ọdún ìbí ló tú ilé yẹn. Ìlara ló tú u, àti èèwọ̀ ọmọnìkejì tí wọ́n fojú tín-ín-rín.

Ọ̀rúnmìlà pàápàá fẹ́ Ìwà ọmọ Sùúrù. Ìwà ní àléébù tirẹ̀, bàbá sì lé e lọ. Nígbà tó lọ tán ni iyì bàbá lọ tẹ̀lé e, tó wá ń wá a káàkiri. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń wá aya tí kò ní àléébù kò tíì ṣe tán.

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin, ìdáhùn mi nìyí. Má dá ìdáná dúró nítorí Àkùkọ àti Ehoro. Bọ orí rẹ. Jẹ́ kí ẹ jọ mọ èèwọ̀ ara yín, kí ẹ sì pa á mọ́. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù, nítorí bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS. Ìyẹn ni ìṣirò tó yẹ kó máà jẹ́ kí ẹ sùn. Ní ti ìgbéraga àti ariwo tí o ní o rí lára rẹ, o ṣeun tí o jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n má gbé e lé adìyẹ lórí. Tìrẹ ni, ọwọ́ rẹ ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Lálẹ́ òní, bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà bá bá ọ wí, dákẹ́ kí o gbọ́ ọ tán. Ẹbọ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí Orí wa má ta ko wa. Kí Ìwà má sá nílé wa. Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.