Àmánà Ẹni tí Iná Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín: bí ọkọ̀ bá ń jóná, tí ẹ̀mí àwọn èrò sì wà lọ́wọ́ atukọ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí atukọ̀ náà fò sílẹ̀ kí ó fi wọ́n sínú rẹ̀? Èyí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Luxor ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2013.

Bàlúùnù ni ọkọ̀ náà. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń fẹnu fẹ́ nígbà ọdún Iléyá o. Àpò aṣọ ràgàjì ni, tí wọ́n so apẹ̀rẹ̀ ńlá mọ́ nísàlẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ yìí ni àwọn èrò máa ń dúró sí. Iná gáàsì tó ń jó lókè orí wọn ló ń mú kí afẹ́fẹ́ inú àpò náà gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́ ju tútù lọ, òun ló ń gbé tọkọ̀-tèrò ròkè. Kò ní bíréèkì, kò sì sí ohun tí a fi ń darí rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ibi tí atẹ́gùn bá kọjú sí ló ń lọ. Gbogbo agbára atukọ̀ kò ju kí ó ròkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ wá atẹ́gùn mìíràn. Bí ó bá fẹ́ balẹ̀, yóò fa okùn kan tí ń ṣí ojú ihò tó wà lókè àpò, kí ooru lè jáde.

Ènìyàn 21 ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti wo odò Náílì àti ilé àwọn ọba àtijọ́ tán, wọ́n ti ń balẹ̀, ni rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá bá jò, iná sì sọ. Iná mú atukọ̀ lára, ó fò sílẹ̀. Bàlúùnù tó ti fúyẹ́ sí i, tí iná sì tún ń mú un gbóná, gbéra padà sójú ọ̀run pẹ̀lú àwọn tó kù, kí ó tó já lulẹ̀ sínú oko ìrèké. Ènìyàn 19 ló kú. Atukọ̀ náà àti èrò kan ṣoṣo ló yè.

Kí wọ́n tó gbéra ni a ti máa ń kọ́ àwọn èrò bàlúùnù ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá ń balẹ̀: kí wọ́n tẹ orúnkún díẹ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kí wọ́n di okùn inú apẹ̀rẹ̀ mú ṣinṣin. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde àfi bí atukọ̀ bá ní kí ó jáde. Ìwúwo ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lára ohun tó dá ọkọ̀ dúró sílẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ti gbé àwọn tó kù sókè, yálà ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́.

Ìmáàmù Al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, ti gbé irú ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ Al-Mustasfa. Bí ọkọ̀ ojú omi bá fẹ́ rì, tí àwọn èrò yóò sì là bí wọ́n bá ju ẹnì kan sómi, ó ní kò tọ́ kí wọ́n jù ú. (Ẹ má fi ti Ànábì Yúnúsà bi mí, Ànábì ni, Ọlọ́hun ló sì mọ ohun tí Ó fẹ́ fi í ṣe.) Bí a kò bá gbọdọ̀ fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ra tiwa, a jẹ́ pé ẹni tó gba àmánà kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí àwọn èrò ra tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò lè torí èyí dá ọkùnrin Luxor náà lẹ́bi. Ẹni tí aṣọ ń jó mọ́ lára kò dúró ronú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ọlọ́hun kì í di ẹrù tó ju agbára ẹ̀dá lọ lé e lórí. Ibi tí mo rò pé ó yẹ kí á ti béèrè àmánà ni orí ilẹ̀, kí iná tó dé: ta ló yẹ rọ́bà yẹn wò? Ìgbà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn kan yóò ní kádàrá ni. Kádàrá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ̀rọ̀ ràkúnmí tí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí á so mọ́lẹ̀ kí á tó gbára lé Ọlọ́hun.

Ẹ wo ti Carterton ní New Zealand, ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2012. Bàlúùnù ń lọ sórí wáyà iná. Ohun tí a ń kọ́ atukọ̀ ni pé kí ó tètè já ara rẹ̀ sílẹ̀, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ máa le. Òun gbìyànjú láti fò ó kọjá. Ènìyàn 11 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè.

Ti Lockhart ní Texas ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2016, ìkúukùu àti kùrukùru bo ilẹ̀, atukọ̀ sì gbéra síbẹ̀. Ó kọlu wáyà, ènìyàn 16 kú, òun náà wà lára wọn. A kì í sọ òkú láìdáa, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé àìsàn wà lára rẹ̀, àti pé ó ń lo oògùn tí kò yẹ kí ẹni tí ń fò lò. Nígbà náà, òfin Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ atukọ̀ bàlúùnù rárá. Ọdún 2022 ni wọ́n gbé òfin náà jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ṣé ìgbà tí ìjọba bá béèrè ni a tó mọ̀ pé ara wa kò yá? Òun nìkan ló mọ ohun tó wà nínú àpò oògùn rẹ̀, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè ní, àwa tí a jẹ́ èrò ńkọ́? Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ti sọ ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ dá ihò sí i, àti ti àwọn tó wà lókè tó yẹ kí wọ́n di ọwọ́ wọn mú. Ojú máa ń ti ènìyàn láti bi awakọ̀ léèrè, pàápàá bí ó bá jẹ́ àgbà. Ká ní ẹnì kan ti san owó, tó dé ibi ọkọ̀, tó rí kùrukùru, tó sì ní kí wọ́n dá owó òun padà, wọn ì bá fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n tiẹ̀ lè má dá owó náà padà. Kí ó fi owó náà sílẹ̀ fún wọn, kí ó máa lọ sílé.