Ẹ̀rí Ọ̀gá Lójú Ogun

Bí ọ̀gá bá ń jẹ́rìí kí a lè sọ ọ̀dọ́mọkùnrin ológun di ọ̀gá lójú ogun, ta ni ó yẹ kí ó rò: ọ̀dọ́ náà ni, tàbí àwọn tí yóò máa darí?

Ọjọ́ orí kọ́ ni ìdènà. Seth Anthony, olùkọ́ Achimota ní Gánà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó di ọ̀gá ológun ní 1942, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó sì jagun Bọ́mà.

Bí olùkọ́ ní Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun bá kọ ìwé ẹ̀rí èké fún akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ni yóò bàjẹ́. Ti ojú ogun, ẹ̀mí ni. Ẹni tí a kò lè fi ọmọ tiwa sí abẹ́ rẹ̀, kí a má ṣe fi ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀.