Ta Ló Ń Sọ Pé Ó Tó?

Ọdún tó kọjá ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìfisìn-Èkìtì pè mí. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Wọ́n ti fún un ní hóró oògùn mẹ́ta tí aláboyún ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà kí ibà má baà mú un, ìyẹn SP, èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ sí Fansidar. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo ti ra folic acid tó lágbára, ti mílígíráàmù 5. Méjì ni mo fẹ́ máa lò lójúmọ́. Ṣebí oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ṣe èèyàn?"

Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kì í ṣe dókítà. Mo ní kó má tíì lò ó, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni èmi náà jókòó kàwé.

Énsáìmù ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dá iṣẹ́ ṣe láìní irinṣẹ́ kékeré kan lọ́wọ́, bí àgbẹ̀ tó lágbára ṣùgbọ́n tí kò ní ọkọ́. Coenzyme A jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọkọ́ bẹ́ẹ̀. Fítámì B5 ni sẹ́ẹ̀lì fi ń rọ ọ́. Tó bá ti pọ̀ tó, coenzyme A fúnra rẹ̀ ló máa padà lọ lẹ̀ mọ́ énsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ á fi dín kù. Bí wọ́n bá ti lo èyí tó wà nílẹ̀, iṣẹ́ á tún gbéra. Kò sí ọ̀gá tó ń pàṣẹ. Ohun tí wọ́n rọ ló ń sọ fún alágbẹ̀dẹ pé ó tó.

Àwa náà máa ń kọ irú rẹ̀ sínú sáfà, pé tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, kó ní kí ẹni tó ń rán an níṣẹ́ dúró ná. Kí n má purọ́, ìgbà tí sáfà bá ti dákú tán la sábà máa ń rántí.

SP náà ń dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Fólétì ni ọkọ́ tí kòkòrò ibà nílò kó tó lè ṣe DNA tuntun, kó sì bí sí i. Inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà làwa èèyàn ti ń rí tiwa. Kòkòrò yìí lè rọ tirẹ̀. Sulfadoxine wá jọ ohun èlò tí énsáìmù rẹ̀ ń dúró dè. Énsáìmù á gbà á mọ́ra, kò sì ní rí nǹkan kan rọ. Pyrimethamine á dí ọ̀nà níwájú. Ó ń di énsáìmù kòkòrò mú ju tiwa lọ. Gertrude Elion àti George Hitchings, tí irú iṣẹ́ yìí jẹ́ kí wọ́n pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní 1988, mọ irọ́ yìí pa dáadáa. Kòkòrò náà ò sì gọ̀: níbi púpọ̀ ní Áfíríkà, énsáìmù rẹ̀ ti yí padà díẹ̀, irọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ létí mọ́.

N kò káàánú kòkòrò ibà o. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé énsáìmù kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín "ó tó" tòótọ́ àti ti irọ́. Ṣé àwa mọ̀ ọ́n? Àlejò á ní iyán ti tó òun. Ìtìjú ló sọ bẹ́ẹ̀, ikùn kò tíì sọ nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ á béèrè owó oṣù, wọ́n á ní àpò ti gbẹ, lójú àpò tó kún.

Ti àbúrò mi wá yàtọ̀ pátápátá: ìfẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ìfẹ́ pé ó tó. Kòkòrò ibà lè jí fólétì mu nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní mílígíráàmù 0.4 lójúmọ́ ni kí aláboyún máa lò, pé èyí tó bá ti tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ bá SP rìn, torí ó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nítorí ọmọ ló ṣe ra oògùn. Ọ̀tá ọmọ ni ì bá bá a jẹ ẹ́. Wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí àṣejù ti bẹ̀rẹ̀. Àdúrà wa náà, "á máa pọ̀ sí i" ni.

Nọ́ọ̀sì gba hóró ńlá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní kékeré. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó tún pè mí, ó ti se odindi ìkòkò ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Èyí ò ní mílígíráàmù lára."