Ta Ló Ni Fàájì Náà?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràìnràìn nínú ilé wa, a sì fẹ́ kí a jọ rò ó. Bí bàbá tàbí ìyá bá pé 80 ọdún, tí àwọn ọmọ ní àwọn yóò gbé wọn jáde lọ ṣe fàájì, ta ló ni fàájì náà?

A mọ ìdílé kan tí wọ́n pinnu láti gbé ìyá wọn lọ wo omi tí ń dà láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìpele méje ni omi náà, gígùn ni a sì ń gùn ún, orúnkún ń dun màmá. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n ti pe ẹni tí yóò ya fídíò. Màmá nìkan ni wọn ò tíì bi.

Ẹ wo Barsillai ará Gileadi nínú Samuẹli Kejì, orí 19. Ẹni 80 ọdún ni òun náà. Ó ti fi oúnjẹ bọ́ Dafidi nígbà tí Dafidi sá fún Absalomu. Nígbà tí ọba ń padà sílé, ó ní kí bàbá yìí bá òun lọ sí Jerusalẹmu, kí òun máa tọ́jú rẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, òun kò gbọ́ ohùn olórin mọ́, ìlú òun ni òun fẹ́ kú sí, lẹ́bàá ibojì bàbá àti ìyá òun. Ó gbà láti sin ọba kọjá Jọ́dánì díẹ̀, ó sì fi Kimhamu rọ́pò ara rẹ̀. Dafidi kò fi dandan mú un. Ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, bàbá sì padà sílé.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí àgbà Yorùbá kì í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan náà? Òótọ́ ni. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ fowó yín tọ́jú ọmọ yín," ohun tí ìyá máa ń wí nìyẹn, bí a bá sì gbà bẹ́ẹ̀, wọn á dákẹ́, wọn á máa rò ó. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó dénú wọn? Lójú tiwa, ìdí tí wọ́n bá sọ ni kí a fetí sí. Ahọ́n àti etí ni Barsillai dárúkọ. Bí àgbà bá dárúkọ ara, tàbí oorun, tàbí ìtìjú kí èèyàn máa wá ibi tí yóò tọ̀ sí láàárín èrò, ọ̀rọ̀ ti tán, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá jẹ́ owó wa nìkan ni wọ́n ń dárúkọ, àwa ni wọ́n ń ṣàánú. Kí a tún bi wọ́n. Kí ọmọ tí ń bá wọn gbé sì bi wọ́n, kì í ṣe èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń fi tẹlifóònù pàṣẹ. (Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ má bínú.)

Nígbà tí wọ́n wá bi màmá, wọ́n ní rélùwéè ni àwọn fẹ́ wọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Rélùwéè àtijọ́, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, ni wọ́n bá ìyá tiwọn wọ̀ nígbà èwe. Tuntun tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, wọn ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà dòfo. Ní Olúmọ, àwọn ọmọ-ọmọ gòkè lọ wo ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, màmá jókòó sórí àga nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ kan, wọ́n ń jẹ ọ̀fadà. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ ẹbí àfi màmá. Wọ́n ní ó ń mú ooru.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. A ti rí ọmọ tó kéré jù tí ó yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí ẹ̀gbọ́n ti kọ iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò san sílẹ̀ kó tó bi í. Bí òbí ṣe láṣẹ àtisọ pé rárá, ó yẹ kí àbúrò náà ní i. Ẹni tó lè sanwó ọkọ̀, kó san án. Ẹni tó lè ru àga àti omi, kó rù ú. Kí a má sì kọ orúkọ àti iye sínú ìwé tí màmá lè rí, torí wọn yóò kà á.