Àdùnní Olórìṣà, Olùtọ́jú Ohun Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Ìlú mẹ́ta kan wà tí àwa ará ìlú Awo ń ná ọjà wọn, tí a ń fẹ́ ọmọ wọn, tí a sì ń gba àárín wọn kọjá bí a bá ń rìnrìn àjò: Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni obìnrin òyìnbó kan ti fi ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ayé rẹ̀ gbé. Òṣogbo ló kú sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Susanne Wenger lorúkọ àbísọ rẹ̀. Àdùnní Olórìṣà ni àwọn ará ibí ń pè é. Ọ̀pọ̀ tó mọ orúkọ náà kò mọ̀ ju pé òyìnbó tó ń bọ òrìṣà ni, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà lára obìnrin yìí pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá fún àwa tí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí kò wọ́n lẹ́nu wa.

Mùsùlùmí ni mí. N kò bọ Ọ̀ṣun rí, n kò sì kọ èyí láti pe ẹnikẹ́ni lọ sójúbọ. Ṣùgbọ́n ìwà rere kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni kó tó wọ̀ ọ́ lára. Níbi tí a bá ti rí i, ó yẹ kí á lè nawọ́ sí i.

Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Ọ́síríà. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀. Kì í ṣe oyè ìdílé ló sọ ọmọ náà di ẹni ńlá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó kọ́ṣẹ́ ọnà ní Graz, ó tún lọ kọ́ ọ ní Vienna. Nígbà tí Hitler gba ilẹ̀ wọn ní 1938, ìjọba rẹ̀ ka irú ọnà tuntun tí Susanne àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn sí ohun ìríra. Ó gbé àárín ogun náà já, ó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀làjú lè fi ojú ọmọ ènìyàn rí. Ní 1947 ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Art Club sílẹ̀ ní Vienna. Ó bá Ulli Beier pàdé ní Paris ní 1949, wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì wá sí Ìbàdàn ní 1950, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti rí iṣẹ́ olùkọ́ sí yunifásítì.

Àyè wà fún un láti jókòó sínú ọgbà yunifásítì kó máa jayé òyìnbó amúnisìn lọ. Kò fẹ́ irú ayé bẹ́ẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ sì tún dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn, Ẹdẹ ni wọ́n forí lé. Tìmì Adétóyèsè Láoyè ló wà lórí oyè nígbà náà, ọba tó mọ ìlù dùndún lù bí ọmọ Àyàn, tí kò sì fi ilẹ̀kùn ààfin rẹ̀ há àlejò tó bá wá kẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ìta. Láti inú ọdún ìbílẹ̀ tí Beier rí ní Ẹdẹ yìí ló ti kọ ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1959, *A Year of Sacred Festivals in One Yoruba Town*.

Ẹdẹ náà ni Susanne ti bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, pàdé. Níbí ni mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀. Ẹ wo obìnrin tó ti kàwé ọnà dé ibi tó ga, tó ti ní orúkọ níléeṣẹ́ ọnà ìlú rẹ̀, tí awọ ara rẹ̀ nìkan tó láti mú kí wọ́n dìde fún un ní ọ́fíìsì èyíkéyìí láyé ìjọba amúnisìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú bàbá kan tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí òun náà kò gbọ́ èdè bàbá náà, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọmọ ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà ló wá síbí láti kọ́ wa, àwọn mìíràn wá láti kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kí wọ́n sì máa lọ. Òun wá, wọ́n kọ́ ọ, kò sì lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́wọ́ àwọn obìnrin aláró wa: ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ó sì fi ọgbọ́n wọn ṣe aṣọ ńláńlá tó gba gbogbo ara ògiri. Mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí, tí wọn kò lè béèrè ohun kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn láìrò pé ó bu àwọn kù. Ẹni tó bá lè tẹrí ba kó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ayé kò kà sí, onítọ̀hún ti ní ìwà.

Láti Ẹdẹ wọ́n lọ sí Ìlobùú, wọ́n sì ti ibẹ̀ dé Òṣogbo. Òun àti Beier kọ ara wọn sílẹ̀, láìsí ariwo, ó sì fẹ́ Ayánṣọlá onílù. Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966. Àdùnní dúró.

Igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo ló wá di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, ikán ti ń jẹ ògiri ojúbọ, àwọn olùjọsìn ti ń dín kù, àwọn tó fẹ́ gé igi àti àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ sì ti ń yọjú. Àwọn àwòrò Ọ̀ṣun ní kó wá bá àwọn tún un ṣe. Ẹ wo àwọn tó kó mọ́ra fún iṣẹ́ náà. Kò ránṣẹ́ sí Vienna kí àwọn gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà wá. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, kápẹ́ńtà ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé ń fín igi, Sàká Àrẹ̀mú náà wà níbẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ wọn wò, ẹ ó rí orúkọ mùsùlùmí níbẹ̀. Kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà kó tó fún un ní sìmẹ́ǹtì. Kò sì ní kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ òun: kálukú ló ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ ṣe ní kó ṣe é, orúkọ kálukú ló sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. New Sacred Art ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ àwọn bíríkìlà àti kápẹ́ńtà wọ̀nyí ti dé inú ìwé àti ibi àfihàn lókè òkun. Ó rọrùn fún ọ̀gá láti jẹ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, a sì ń rí i lójoojúmọ́. Àdùnní kò jẹ ẹ́.

Àwọn kan bínú sí i, wọn kò sì ṣe àṣìwí pátápátá. Wọ́n ní àwọn ère gàgàrà tó wà nínú igbó náà kò jọ ère àwọn bàbá wa, pé ojú òyìnbó ló fi wo òrìṣà. Mo gbà pé ọwọ́ Yúróòpù hàn nínú àwọn iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá rí wọn a ó mọ̀. Ṣùgbọ́n níbo làwa ọmọ onílé wà nígbà tí ikán ń jẹ ògiri? Ẹni tó ń bu ẹni tó bá a tún ilé ṣe, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe sí ilé náà nígbà tó ń wó lọ.

Ní 1965 ìjọba kéde ibi kan nínú igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè; ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i; ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé, hẹ́kítà 75. Ogójì ọdún wà láàárín èkíní àti ìkẹyìn. Láàárín ogójì ọdún náà Àdùnní kò yé bá ọdẹ, apẹja, agégi àti onílé tuntun jà kí wọ́n má bàa kan igbó náà. Sùúrù irú èyí ṣọ̀wọ́n. A máa ń rí ẹni tó ń fi ìtara bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlú, àmọ́ bí ọdún mẹ́ta bá kọjá, tí kò rí oyè jẹ tí kò sì rí owó gbà, ó ti wábi gbà. Sùúrù tirẹ̀ dé inú ilé pẹ̀lú: nínú ilé alájà tó gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun, àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀ ló tọ́ dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn, Ṣàngódáre Gbádégẹṣin Àjàlá, di gbajúmọ̀ ayàdìrẹ fúnra rẹ̀.

Igbó náà ṣì wà lónìí. Odò inú rẹ̀ ló ń jìyà. Láti ìgbà tí iṣẹ́ wíwa góòlù ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lókè odò, omi Ọ̀ṣun ti di ẹrẹ̀ pọ́n-ún, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó ń wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Omi yìí kan náà ló ń ṣàn gba Ẹdẹ kọjá. Ẹ̀yin tí àṣẹ wà lọ́wọ́ yín ní Òṣogbo àti Àbújá, mo bẹ̀ yín, ẹ dá àwọn tó ń da ìdọ̀tí góòlù sódò dúró. Ẹ̀yin ará Awo, ẹ̀yin ará Ẹdẹ àti Ìlobùú, odò kan wà lẹ́yìn ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa: ẹ má da ìdọ̀tí sí i mọ́, ẹ má sì dúró de àlejò pé kó wá bá wa tọ́jú rẹ̀.