Alángbá Wo Ni Inú Ń Run?

Àwọn baba wa ní gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ojú ènìyàn kò lè wọ inú ẹlòmíràn, àti pé ìrora a máa gbé ibi tí ojú kò tó. Gbogbo wa ni a gbọ́ òwe náà, gbogbo wa ni a sì ń pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá a gbà á gbọ́ ní tòótọ́, ibì kan wà tí a ti lè dán ara wa wò. Ibẹ̀ náà ni ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ kò yẹ ní ojú ìwé bí irú èyí. Ọba ń lọ, ìwọ̀fà ń lọ. Ọlọ́gbọ́n ń lọ, òmùgọ̀ ń lọ. Ohun tí kò yọ ẹnì kan sílẹ̀ láàárín ọmọ aráyé kò lè kéré jù fún èrò àgbà. Níbi tí ènìyàn ti nílò ìrànlọ́wọ́ tí ó sì ń tijú láti béèrè rẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ọmọlúàbí.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní ilé ìtajà, ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìkàwé. Ìlànà ilé kíkọ́ ní England là á sílẹ̀ pé yàrá náà kò gbọdọ̀ kéré sí mítà 2.2 ní gígùn àti mítà 1.5 ní ìbú, kí àga oníkẹ̀kẹ́ lè ráyè yí nínú rẹ̀. Irin tí a lè dì mú wà lára ògiri. Abọ́ ìfọwọ́ wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó lè nawọ́ kàn án. Okùn pupa kan sì ń fì láti òkè wá, èyí tí ẹni tí ó bá ṣubú lè fà láti fi ké sí aláàánú.

Lára ilẹ̀kùn ni àwòrán ènìyàn tí ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ wà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ará Denmark, Susanne Koefoed, ni ó ya àwòrán náà ní ọdún 1968. Èyí tí ó kọ́kọ́ yà kò ní orí. Lẹ́yìn náà ni a fi orí kún un. Àwòrán rere ni, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ó ti kọ́ ojú wa láti máa wá àga oníkẹ̀kẹ́. Bí ojú kò bá sì ti rí àga, ọkàn a ní irọ́ ni. Èdè tiwa pàápàá kò yàtọ̀. Orúkọ tí à ń pè wọ́n, aláàbọ̀ ara, ń fi yé wa pé ara wọn kù ní àbọ̀, bí ẹni pé àbọ̀ tí ó kù náà gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ayé.

Ta wá ni ẹlòmíràn tí ó nílò yàrá yìí? Ní ọdún 1932, dókítà kan ní New York, Burrill Crohn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń mú kí ìfun wú, tí ń dá egbò sí i lára. Orúkọ Crohn ni a fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Ó ní ìbátan kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ulcerative colitis, èyí tí ó jẹ́ pé ìfun ńlá ni ó ń bá jà. Àìsàn méjèèjì kì í ràn, oògùn tí yóò sì wò wọ́n tán pátápátá kò tíì sí. Láàárín ọdún 15 sí 35 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn, èyí ni pé ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ ń dán ni wọ́n ń bá fínra jù. Bí wọ́n bá ru sókè, ẹni tí wọ́n ń ṣe lè má ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti fi dé ibi tí ó ń lọ.

Àwọn mìíràn wà tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí oníṣègùn fa ẹnu ìfun wọn yọ sí ara ikùn, tí ìgbẹ́ sì ń dà sínú àpò kan tí a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Aṣọ bo àpò náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Bí ó bá jò, ẹni náà nílò omi, àyè tí yóò to ohun èlò rẹ̀ sí, ibi tí yóò ju ti àtijọ́ sí, àti ilẹ̀kùn tí yóò pa mọ́ ara rẹ̀. Kò lè dúró ní ibi abọ́ ìfọwọ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò, kí ó máa fọ ara ní ojú àwọn àlejò. Yàrá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nìkan ni ohun gbogbo wọ̀nyí ti pé pọ̀ sí ojú kan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan sáré wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde. Aṣọ iṣẹ́ ni ó wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ó fi ń rìn. Ìyá àgbà kan tí ó dúró wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni ó ṣe ọ́ tí o fi wọ ibẹ̀? Ṣé o kò rí ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn ni?” Kí ni ọmọ náà yóò wí? Bí ó bá dákẹ́, wọn ó pè é ní ọ̀yájú. Bí ó bá ní, “Ẹ má bínú, mà,” ó ti jẹ́bi ohun tí kò ṣe. Bí ó bá sì sọ òtítọ́, ó ti tú ìdí ara rẹ̀ sí ìta fún ẹni tí kì í ṣe dókítà rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Kí a má ṣe sáré dá ìyá àgbà náà lẹ́bi. Ohun tí ó ń jà fún kì í ṣe ohun burúkú. Yàrá kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà. Ẹni tí ó lẹ́sẹ̀ lè lọ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ kò ní òmíràn tí yóò lọ. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé àwọn aláìnítìjú wà, tí kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n, tí wọ́n ń wọ ibẹ̀ nítorí pé ó mọ́ tónítóní, tàbí kí wọ́n lè pààrọ̀ aṣọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó bá dá irú wọn dúró ń ṣe iṣẹ́ rere. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ṣé ojú lásán lè mọ irú wọn?

Èmi wí pé kò lè mọ̀ wọ́n. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ẹnu ọ̀nà a máa mú ẹni tí kò yẹ kí ó mú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Aláìnítìjú tí a bá bi léèrè yóò purọ́ láìfojú pa rẹ́, yóò sì kọjá. Ẹni tí inú ń run nítòótọ́ ni ojú yóò tì, òun ni yóò káwọ́ lérí tí yóò padà. Bí ajọ̀ bá ń da ìyẹ̀fun nù tí ó sì ń pa èérí mọ́, ta ni yóò máa fi irú ajọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ gààrí?

Ẹ jẹ́ kí a tún gbé àṣìṣe méjì sórí ìwọ̀n. Bí mo bá jẹ́ kí ẹlẹ́tàn kan kọjá, ẹlòmíràn lè dúró fún ìgbà díẹ̀, ìdúró náà sì lè ni ín lára gidigidi. N kò fojú kéré rẹ̀. Bí mo bá dá aláìsàn dúró, ó lè bà jẹ́ sára ní gbangba. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni Yorùbá wí. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kì í yára gbàgbé. Ó lè pa ìrìn-àjò tì, kí ó pa ọjà tì, kí ó pa ìsìn àti àríyá tì, kí ó sì di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara rẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ gba àkókò lọ́wọ́ ènìyàn. Èkejì gba ìgboro lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀nà kò bá sì gba àwọn tí ó nílò yàrá náà, àtúnṣe rẹ̀ ni kí a kọ́ púpọ̀ sí i. Bí a bá sọ ẹni gbogbo tí ń kọjá di adájọ́, yàrá kan náà kò ní di méjì.

Ẹlòmíràn lè ní, “Kí wọ́n ṣáà fi àmì hàn.” Àmì wà. Láti ọdún 1981 ni kọ́kọ́rọ́ kan ti wà ní Ìlú Ọba tí ń ṣí irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ̀nyí tí ó ju 9,000 lọ. Radar ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2016, pápá ọkọ̀ òfurufú Gatwick bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tí àìlera wọn kò hàn ní okùn ọrùn tí a ya òdòdó sunflower sí, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè fi sùúrù bá wọn lò. Ní àkókò kan náà ni àwọn ilé ìtajà ńláńlá ń lẹ àkọlé mọ́ ilẹ̀kùn pé kì í ṣe gbogbo àìlera ni ojú ń rí. Ohun rere ni gbogbo ìwọ̀nyí, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ ni ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ẹni tí kò so òdòdó kọ́rùn òpùrọ́ ni, a ti gbé ìbéèrè ìyá àgbà kúrò lẹ́nu, a sì ti so ó mọ́ aláìsàn lọ́rùn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ. Kò sì yẹ kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni ka gbogbo rẹ̀ sí wa létí kí ó tó rí ibi yà sí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé aláìsàn kò ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ojú ayé kò bá lè ṣe adájọ́, ẹ̀rí ọkàn gbọ́dọ̀ ṣe é. Kí ẹni tí ó wọlé má ṣe fi ibẹ̀ ṣe yàrá ìsinmi. Kí ó fi í sílẹ̀ ní mímọ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí inú bá rọ̀ ọ́, tí ó lè lọ sí ibòmíràn láìsí ewu, kí ó rántí ẹni tí kò ní ibòmíràn. Ẹ̀tọ́ tí kò ní ìwà nínú a máa di ìwọra.

Nínú àṣà wa, àwọn abuké, arọ, afọ́jú àti àfín ni à ń pè ní ẹni òrìṣà. Ọwọ́ Ọbàtálá ni a ní wọ́n ti wá, èèwọ̀ sì ni pé kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo wọn ni ojú ń rí. Fún àwọn tí ojú kò rí, àwọn àgbà kò fún wọn ní orúkọ. Òwe alángbá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa láti fi dáàbò bò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 2005, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn onísọ̀ jẹ́ kí oníbàárà tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní Nàìjíríà, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tí ó kọ ìyànjẹ sí àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Síbẹ̀, ẹ wọ ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ wa, ẹ ó gbọ́ pé ti àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni. Ẹ lọ sí gáréèjì ọkọ̀, ẹni tí ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà yóò kígbe bi yín bóyá ìtọ̀ ni tàbí ìgbẹ́, nítorí iye wọn kò dọ́gba. Níbi tí gbogbo ayé ti ń gbọ́ ohun tí a fẹ́ ṣe, báwo ni ẹni tí ó gbé àpò sí abẹ́ aṣọ yóò ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí àwọn tí ń kọ́lé kọ́ ọ, kí àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn fún ni láìbéèrè ìdí. Fún àwa yòókù, ohun tí a ní láti ṣe kò gba owó kankan: kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a sì mú ojú kúrò. Bí a kò bá lè mọ alángbá tí inú ń run, ẹ jẹ́ kí a máa hùwà sí gbogbo wọn bí ẹni pé inú lè máa run ún.