Ìwúre fún Ẹni Tó Sùn Sínú Òpó

Elédùmarè, Ọba tó mọ kòkòrò tí ojú kò lè rí lórúkọ, mo dé síwájú Rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ bá mi ṣe àṣẹ.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Sìmẹ́ńtì jẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ títí ojú ìka náà fi ń dán. Omi inú kọnkéré tútù mú bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Inú ohun tó ń jẹ ọwọ́ alágbára bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá Rẹ kan tó kéré jọjọ ti lè sùn. Àwọn ìbátan rẹ̀ ń gbé nínú adágún tó kún fún kán-ún, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá kò ti lè gbé. Bí ìyà bá pọ̀ lápọ̀jù, á ká ara rẹ̀ kò sínú èèpo líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní spore. Kò jẹ, kò mu, ọdún ń gorí ọdún, kò sì kú. Elédùmarè, fún wa ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Ọdún ọ̀dá tí a kò bá lè dìde nínú rẹ̀, kí a má kùú sínú rẹ̀.

Mo wúre fún Henk Jonkers, onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní Yunifásítì Delft, ní Nẹ́dálándì. Ní ọdún 2006, ẹnì kan tó mọ̀ nípa kọnkéré bi í bóyá kòkòrò lè mú kí kọnkéré wo ara rẹ̀ sàn. Ìbéèrè kan péré ni. Kí orí wa gbé wa pàdé ẹni tó máa bi wá ní irú ìbéèrè yẹn, kí á má sì fi ẹ̀rín lé e lọ.

Jonkers mú kòkòrò tó ń jẹ́ Bacillus nínú oorun rẹ̀, ó di oúnjẹ fún un, calcium lactate, ó kó wọn sínú hóró amọ̀ tí iná sun títí ó fi wú, ó sì pò wọ́n mọ́ sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta. Oúnjẹ wà ní ìrọ̀rí rẹ̀, kò jí jẹ ẹ́. Ó ń dúró.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá kọnkéré. Á gba ojú tó sán bí irun orí wọlé, á wá irin lọ sínú, irin á dípẹtà, á wú, á sì fọ́ òpó láti inú. Ṣùgbọ́n nínú òpó tí mò ń wí yìí, omi tó wọlé wá ṣe ibi náà ló ń jí ẹni tó máa tún ibẹ̀ ṣe. Omi kàn án lára, ó jí, ó jẹun, òkúta ẹfun sì ń ti ara rẹ̀ jáde, ọmọ ìyá ìkarahun ìgbín, títí ẹnu ògiri fi pa dé. Ọ́síjìn tí ìbá mú irin dípẹtà, ó ti fi í mí.

Nítorí náà mo wí, kó sì rí bẹ́ẹ̀: ohun tó bá gba ojú sísán wa wọlé láti wó wa, òun náà ni kó jí olùtúnṣe wa. Ìgbín tí ìkarahun rẹ̀ sán kì í yá ti ẹlòmíràn wọ̀. Inú ara rẹ̀ ló ti ń rí ohun tó fi ń dí i. Kí ìdílé tó sán rí ẹfun tirẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ẹfun ní kí ojú sísán fún. Kó fún.

N kò ní gbàdúrà irọ́. Ojú sísán tí kò fẹ̀ ju mílímítà 0.8 lọ ni agbára àwọn kòkòrò yìí ká. Ilé tí wọ́n jí irin rẹ̀, tí wọ́n fi iyanrìn rẹ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀ jẹ, kòkòrò kankan kò lè gbà á là. Elédùmarè, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí bíríkìlà dín irin kù, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kí ebi má sì pa ọmọ rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Kọnkéré yìí ṣì wọ́n. Jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ilé yàrá méjì.

Ní 2014, wọ́n fi kọnkéré yìí ṣe ojú ọ̀nà omi oko lórí òkè Andes ní Ecuador. Kí omi àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ má jò dànù kó tó dé ìdí ọ̀gbìn.

Òjò ń ṣú bọ̀ bí mo ṣe ń wí yìí. Ẹ̀yin tí ẹ sùn sínú òpó, ẹ gbọ́ ìró omi. Ó ti rí ojú sísán. Ẹ jí.

Àṣẹ.